Tíì Píìṣì Tí Mo Jẹ́ Kó Korò

                                                  Ilé Kẹrìnlélógún,
                                                  Òpópónà Sawmill,
                                                  Ellaby, Georgia.
                                                  Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1987.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Corrine,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti wọlé padà sí ilé ẹ̀kọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, ẹ̀yìn tó ń dùn ún láti ìgbà yìnyín, ṣé ó ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Mo gbọ́ pé òtútù ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀ ní Chicago lọ́hùn-ún. Níbí, ooru kò tíì gbèrò àtilọ. Láti àárọ̀ ni mo ti ṣí fèrèsé sílẹ̀, síbẹ̀ ìwé tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí ń lẹ̀ mọ́ mi lápá. Èmi náà wà níbẹ̀. Orúnkún mi ń dún tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n mò ń gùn ún. Màmá wà, ó ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ń kọrin láàárọ̀. Èyí tó kù nípa rẹ̀, màá dé ibẹ̀.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti kà á lórí ìdúró, mo tún jókòó, mo tún un kà. Ohun méjì lo béèrè. O ní kí n kọ bí a ṣe ń ṣe tíì píìṣì ilé wa ránṣẹ́ sí ọ, nítorí pé inú agolo ni àwọn ọmọ rẹ ti ń mu tíì, o sì fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí àwa mu dàgbà. O tún ní Hollis, arákùnrin wa, sọ fún ọ lórí fóònù pé n kò bá òun àti ìyàwó òun sọ̀rọ̀ mọ́ láti oṣù kẹjọ, pé kí n jọ̀wọ́ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kékeré lọ. Corrine, ọ̀kan náà ni ohun méjèèjì yẹn. Màá dá ọ lóhùn lórí wọn pọ̀, bí lẹ́tà náà bá gùn jù, kí o fara dà á. Ọ̀sẹ̀ méje ni ọ̀rọ̀ kékeré tìrẹ yìí ti wà lọ́fun mi, kò lọ sílẹ̀, kò jáde.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èso náà. Wá píìṣì mẹ́jọ tó ti pọ́n dénú, irú èyí tí ara rẹ̀ máa ń ṣí kúrò lára kóró láìjà. Má ra èyí tó le gbagidi nítorí pé ojú rẹ̀ pupa, ojú lásán ni ìyẹn ní. Gbé omi kaná, tó bá ti hó, rì wọ́n sínú rẹ̀ kí o ka oókan dé ogójì, kí o wá kó wọn sínú omi tútù. Èèpo wọn á ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ láìlo ọ̀bẹ. Má da èèpo náà nù o. Èèpo ló ń fún tíì ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú yẹn tí gbogbo èèyàn máa ń béèrè ibi tí a ti rí i. Gé àwọn píìṣì náà sínú ìkòkò pẹ̀lú ife ṣúgà kan àtààbọ̀ àti omi díẹ̀, jẹ́ kó rọ̀ lórí iná jẹ́jẹ́, fi ṣíbí igi tẹ̀ ẹ́, kí o dà á sínú aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí abọ́. Lẹ́yìn náà, kúrò nídìí rẹ̀. Má fọwọ́ fún aṣọ náà. Ọdún méjìlá ni mo fi gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn mi níbi iṣẹ́ yìí: “Fi sílẹ̀ kó máa ro, Zella. Kí lo ń bá a jà fún? Ó jẹ ọ́ ní gbèsè ni?”

Ọdún méjìlá ni mo wí. Bóyá o kò mọ̀, nítorí pé o kì í sábà wá, tí o bá sì wá, orí àga lábẹ́ igi ni o ti máa ń rí tíì náà nínú jọ́ọ̀gì gíláàsì ńlá, tí ẹ̀rọ kékeré tí tíì ń gbà jáde wà ní ìdí rẹ̀. Láti ọdún 1975 tí ìka ọwọ́ Màmá ti wọ́, tí kò lè di ọ̀bẹ mú mọ́, èmi ni mo ń ṣe gbogbo tíì tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi Ìpadàwálé lọ́dọọdún. Màmá á jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná, á máa wò mí bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ọwọ́ mi wúwo. Iná mi pọ̀ jù. Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń ro nǹkan? Tí mo bá wá parí, màá bu ife kan fún un, á tọ́ ọ wò, á ní, “Ó ń korò díẹ̀.” Kò korò. Kò korò rí. Á sì mu ún tán.

Nígbà tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, tí a bá ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì gígùn lábẹ́ igi ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn tó ti ṣí lọ Detroit àti Cleveland ti jókòó ti adìyẹ díndín, Pásítọ̀ Gaines á gba ife àkọ́kọ́, bí ẹni tó jẹ pásítọ̀ ṣáájú rẹ̀ ti máa ń ṣe. Á mu ún, á na ife náà sókè, á ké pé, “Tíì ta nìyí?” Màmá á dìde pẹ̀lú àkẹtẹ̀ rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò, á ní, “Tèmi ni, sà!” Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Èmi á dúró ti ẹ̀gbẹ́ tábìlì pẹ̀lú abọ́ yìnyín lọ́wọ́, èmi náà á gbé abọ́ sílẹ̀, màá pàtẹ́wọ́. N kò bínú sí i nígbà yẹn. Ìyá mi ni, tíì rẹ̀ ni, ọwọ́ mi lásán ló yá. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé ọjọ́ kan ń bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ nílé ayé yìí kò pọ̀, Corrine. Mo fẹ́ kí Màmá tọ́ tíì mi wò kó ní ó dùn, mo sì fẹ́ kí wọ́n béèrè lábẹ́ igi yẹn pé tíì ta nìyí, kí n dìde.

Ọdún yìí ló yẹ kó jẹ́. Láti Àjíǹde ni ọpọlọ Màmá ti ń sá fún un. Ó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pè mí. Ó ń ní kí n lọ pe Bàbá wá jẹun, Bàbá tí a ti sin láti ogún ọdún. Nítorí náà, gbogbo wa la mọ̀ pé ẹlòmíràn ni yóò gbé jọ́ọ̀gì lọ́dún yìí. Mo ra àkẹtẹ̀ tuntun, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo lọ gbé jọ́ọ̀gì náà lórí kọ́bọ́ọ̀dù Màmá kí n lè fọ̀ ọ́, mo bá ojú ibi tó máa ń wà lófìfo, eruku yí i ká róbótó. Màmá ní Hollis ló gbé e.

Mo lọ sílé Hollis. Inú básìnì ni mo ti bá jọ́ọ̀gì náà, tí Twyla ìyàwó rẹ̀ ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. O mọ̀ pé ọmọ Atlanta ni Twyla, ọdún kẹta nìyí tó dé àárín wa, kò sì tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín píìṣì àárín ọdún àti ti ìparí. Hollis ń nu ẹnu, ó ń wo ilẹ̀.

“Sìstá Zella, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Màmá ló ní kí n gbé e fún Twyla.”

“Màmá wo? Èyí tó bi mí láàárọ̀ yìí pé ọmọ ta ni mí?”

“Corrine náà ló fọwọ́ sí i. Mo pè é. Ó ní ẹ ti ṣe wàhálà tó, ká jẹ́ kí ẹ sinmi.”

Bí mo ṣe gbọ́ orúkọ rẹ nìyẹn. Mo ti ń dúró kí ìwọ fúnra rẹ sọ ọ́ fún mi nínú lẹ́tà, o kọ ojú ìwé mẹ́ta nípa ọjọ́ àti òjò, o kò sọ ọ́. Ta ló rán ọ pé kí o bá mi tọrọ ìsinmi? Èmi ni mò ń gbé Màmá sínú omi ìwẹ̀, èmi ni mò ń gbé e jáde. Èmi ni mò ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìwọ àti Hollis kò rí ìsinmi kankan fún mi nínú ìyẹn. Inú tíì nìkan lẹ ti rí i, ibi kan ṣoṣo tí inú mi ti ń dùn. Mo ti sọ ọ́ báyìí, n kò ní tún un sọ.

Twyla, kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sì tẹ̀ lé mi dé ìdí ọkọ̀. Ó ní, “Sìstá Zella, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi. N kò ṣe é rí. Ẹ̀rù ń bà mí.” Mo ti wọ ọkọ̀. Mo ní, “Ẹ̀rù kí ni? Omi gbígbóná àti ṣúgà ni. Kí ni mo fẹ́ kọ́ ọ níbẹ̀?” Mo sì wa ọkọ̀ mi lọ.

Ohun tí n kò kọ́ ọ, ìwọ gbọ́ ọ. Se omi kún ìkòkò títí á fi hó, sọ ọ́ kalẹ̀ kúrò lórí iná kí o tó fi àpò tíì kéékèèké mẹ́jọ sínú rẹ̀. Má ṣe se tíì pọ̀ mọ́ omi. Dé ìkòkò náà, wo aago. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, jẹ́ kó máa kàn án. Lẹ́yìn ìyẹn, fi okùn wọn gbé àwọn àpò náà sókè, jẹ́ kí wọ́n ro tán fúnra wọn, kí o kó wọn dànù. Má fún wọn. Ibi tí gbogbo àjèjì ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á rí omi dúdú tó kù nínú àpò, wọ́n á rò pé agbára tíì ló wà níbẹ̀, wọ́n á fún un gbẹ, kí nǹkan má bàa ṣòfò. Gbogbo ìkorò inú ewé ni wọ́n fún jáde yẹn. Nígbà tó ṣì gbóná ni kí o da ṣúgà sí i, kí o wá fi orí ìka méjì mú sódà funfun tí a fi ń ṣe bisikíìtì, kí o wọ́n ọn sí i. Kékeré ni o. Sódà yẹn ló ń pa ìyókù ìkorò. Da omi píìṣì sí i, da èèpo rẹ̀ sí i, fi sílẹ̀ lórí tábìlì títí á fi tutù fúnra rẹ̀ kí o tó yọ èèpo, kí o tó gbé e sínú fíríìjì. Tí o bá gbé e wọ fíríìjì ní gbígbóná, á dà bí omi tí a fi fọṣọ.

Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹjọ, a péjọ. Àkẹtẹ̀ mi tuntun wà lórí mi, mo kọ̀ láti fi í sílé. Mo fi Màmá jókòó sí ìkángun tábìlì, níbi tó máa ń jókòó sí. Hollis gbé jọ́ọ̀gì dé, Twyla ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú yìnyín. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ ni mo ti rí i. Ó dúdú, ó sì rú. Kò sí àwọ̀ píìṣì kankan nínú rẹ̀. Mo sún mọ́ Twyla, mo bi í wẹ́rẹ́ pé ìgbà wo ló yọ àwọn àpò tíì náà.

“Àárọ̀ yìí ni. Àná ni mo ti rẹ ẹ́ kó lè lágbára dáadáa. Mo wá fún wọn gbẹ pátápátá, Sìstá Zella, n kò jẹ́ kí ẹyọ kan ṣòfò.” Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ń dúró kí n yìn ín.

Corrine, inú báàgì mi ni sódà wà. Ọdún méjìlá ni mo fi ń dì í sínú bébà fàdákà kékeré kan, tí mo ń mú un lọ sí ibi Ìpadàwálé, nítorí pé omi kànga ṣọ́ọ̀ṣì máa ń yí tíì padà nígbà mìíràn. Àyè wà. Díákónì Purvis ṣì ń gbàdúrà lé oúnjẹ, ìwọ náà mọ bí àdúrà Purvis ṣe máa ń gùn tó. Kí n wọ́n sódà díẹ̀, kí n fi ṣíbí rò ó, kí n bu ṣúgà tí wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọfí sí i. Kò ní dára, ṣùgbọ́n á ṣe é mu. Mo ki ọwọ́ bọ inú báàgì, ìka mi kan bébà náà. Mo wo Twyla, mo wo Hollis, mo ronú kan ìwọ náà ní Chicago lọ́hùn-ún. Mo yọ ọwọ́ mi, mo pa báàgì dé. Mo fẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ wò. Mo fẹ́ kí gbogbo tábìlì yẹn mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Pásítọ̀ Gaines gba ife, ó bu ún kún ẹnu bó ṣe máa ń ṣe. Ojú rẹ̀ kó jọ. Ó gbé e mì, nítorí pé èèyàn Ọlọ́run ni.

Mìsís Lovett tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bú sẹ́rìn-ín. “Yéè! Ẹ gbé omi fún Pásítọ̀ o, ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ yẹ̀!”

Díákónì Purvis náà ti mu tirẹ̀. Ó ní, “Tíì rè é àbí oògùn ibà? Ṣé ẹnì kan ń ṣàìsàn níbí ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí dé ìsàlẹ̀ tábìlì. Àwọn ọmọdé ń tu ú sílẹ̀ sórí koríko. Pásítọ̀ fẹ́ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó na ife sókè, ó ní, “Ó... ó lágbára. Tíì ta nìyí?”

Twyla tẹ orí ba, ó ń wo àwo rẹ̀. Hollis ń wo orí igi bí ẹni tí ẹyẹ ń bá sọ̀rọ̀. Èmi gbé àgbọ̀n sókè, mò ń retí. Jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ọ: inú mi dùn. Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Àga kan sì dún. Màmá ń dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì, ó nàró.

“Zella ló ṣe é,” ló wí. “Zella mi ni. Ọmọ ọdún méje ni, òun nìkan ló dá a ṣe, ẹnikẹ́ni kò ràn án lọ́wọ́. Kí lẹ̀ ń rín? Ẹ̀yin àgbàlagbà yìí, ojú kò tì yín? Ẹ má fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ níbí o. Ẹ gbé tèmi wá.”

Wọ́n gbé ife kan fún un. Ó mu ún lórí ìdúró, gbogbo rẹ̀, dé ìsàlẹ̀, ohun tí ọkùnrin alágbára kò lè gbé mì. Ó nu ètè rẹ̀, ó ní, “Ó dùn. Ó dùn gan-an, ọmọ mi.” Ó wá ń wá mi. Ìsàlẹ̀ ló ń wò, Corrine, ní ìwọ̀n ibi tí orí ọmọ ọdún méje lè ga dé, ó ń wò yí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ká. Mo dìde. Mo ní, “Èmi rè é, Màmá.” Ó wò mí láti orí àkẹtẹ̀ mi dé bàtà, ó sì kí mi bí ẹni tí a kò mọ̀ rí. Ó ní, “Ẹ kú ìdúró, mà. Ṣé ẹ bá mi rí ọmọbìnrin mi?”

Mo dìde níkẹyìn lábẹ́ igi yẹn nígbà tí wọ́n béèrè pé tíì ta ni. Bó ṣe rí nìyẹn.

Twyla kò la ẹnu rẹ̀ títí a fi tú ká. Hollis kò là á. Wọ́n jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Mìsís Lovett ti ń sọ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ pé ọjọ́ ogbó ti dé sọ́wọ́ Zella, pé tíì rẹ̀ ti bàjẹ́, pé ká máa gbàdúrà fún un. Àwọn èèyàn ń fọwọ́ gbá mi léjìká lójú pópó. Ìdí tí n kò fi bá Hollis àti ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn, tí o bá tún fẹ́ pè é ní ọ̀rọ̀ kékeré, máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe wọn ni mò ń bá jà tí mo bá dùbúlẹ̀. Bébà fàdákà yẹn ni. Ó ṣì wà nínú báàgì mi, n kò lè jù ú nù, n kò sì lè lò ó. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

Mo sì ti rántí ọjọ́ tí Màmá ń sọ. Lóòótọ́ ni mo ṣe tíì nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, o kò tíì dáyé. Aṣọ ni a fi ń di ewé rẹ̀ nígbà náà, mo sì fún aṣọ náà gbẹ. Ohun kan ṣoṣo tó kù sí mi lórí nínú ọjọ́ yẹn ni pé Màmá bá mi wí nítorí aṣọ tí mo fún. N kò rántí pé ó mu ún. N kò rántí pé ó ní ó dùn. Òun tí ó ti gbàgbé orúkọ ọkọ rẹ̀, òun ló rántí ìyẹn.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń ṣe tíì píìṣì fún Màmá. Mo ní èso tí mo gé sínú fìríísà nígbà tó pọ̀. Mò ń ṣe é bó ṣe yẹ, ìṣẹ́jú márùn-ún, sódà, èèpo, gbogbo rẹ̀. Lónìí náà mo gbé e lọ. Ó mu ún, ó di ojú, ó fi ahọ́n lá ètè. Ó ní, “Áà! Èyí dùn. Ta ló ṣe é?”

Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti yá jù mí lọ.

“Twyla ni, àbí? Ìyàwó Hollis. Ọwọ́ ọmọ yẹn mà dáa o. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí o sì bu díẹ̀ fún Zella, tirẹ̀ máa ń korò, ó ń ṣe mí láàánú. Ṣùgbọ́n má sọ fún un pé mo wí bẹ́ẹ̀ o. Á sunkún.”

Mo ní, “Ẹ ṣé, mà. Màá jíṣẹ́.” Mo bu ife kejì fún un, ó sì mu ìyẹn náà tán.

Mo di ìgò píìṣì méjì tí mo sè lóṣù keje sínú páálí, ó ń bọ̀ lẹ́yìn lẹ́tà yìí, nítorí pé ìgbà èso ti kọjá, o kò sì ní rí gidi rà níbẹ̀. Bá mi kí ọkọ rẹ, kó máa fi omi gbígbóná tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Kí àwọn ọmọ fún mi, sọ fún èyí àgbà pé mo rí àwòrán tó yà, mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Kí àwọn ará wa níbẹ̀ tó bá béèrè mi, má sọ ohunkóhun fún wọn nípa àkẹtẹ̀.

Tí o bá ṣe tíì náà, tó sì jáde bí mo ṣe kọ ọ́, bu ún fún àwọn ọmọ rẹ, kí o jẹ́ kí wọ́n bi ọ́ pé tíì ta nìyí. Má sọ fún wọn pé ti Màmá ni. Dìde dúró, Corrine, kí o ní ti Zella ni.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tó ṣì ń bínú sí ọ, tí kò sì ní ẹlòmíràn tó lè kọ̀wé sí,

Arzella.